Iná Ọ́ìlì Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Òórùn ẹ́ńjìnnì náà dé ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Àbúrò mi ló lọ rà á ní àgbàlá tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tà. Ó fi ọmọlanke tì í wá, ó da àpò ìrẹsì tó ti ṣófo bò ó lórí. Mo ṣí àpò náà. Eku ti bímọ sí abẹ́ páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́. Ìtẹ́ wọn ṣì wà níbẹ̀: fóòmù àga ọkọ̀, bébà jíjẹ, irun, ìgbẹ́. Ọmọ eku mẹ́ta ti kú gbẹ síbẹ̀. Ìtọ̀ wọn ti jẹ wáyà títí bàbà inú rẹ̀ fi di àwọ̀ ewé.

“Kí lèyí?” ni mo bi í.

“Ẹ́ńjìnnì ni, Ẹ̀gbọ́n.”

“Mo rí ẹ́ńjìnnì. Kí ló wà lórí rẹ̀?”

“Ẹ gbá a dànù. Ó ti tán.”

Kò sí iṣẹ́ tí kì í tán kíá lójú àbúrò mi. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Ó-ti-tán. Mẹkáníìkì ni. Ríwáyà ni èmi. Wáyà àti iná ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọdún kejìlélógójì rèé tí a ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Òun á gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, èmi á fi wáyà jí i. Títí di òní, n kò lè jẹun nítòsí rẹ̀. Ife tó fi ń mu omi ló ń kó bóòtù sí. Akísà tó fi nu ọ́ìlì ló fi ń nu ẹnu.

Agbẹ̀bí àdúgbò wa ló ni ọkọ̀ náà. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ohùn rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ilé dé ilé ló ń lọ gbẹ̀bí. Bí ọ̀rọ̀ bá wọ́, ọkọ̀ yẹn ló fi ń sáré gbé ẹni tó ń rọbí lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú. Ó gbóná títí ó fi là. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi okùn fà á dé, mo wo inú rẹ̀, mo rí pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò lára dáṣíbọọ̀dù. Mo ṣí i. Iná pupa tó ń sọ fún awakọ̀ pé omi ti ń hó ló wà lábẹ́ rẹ̀.

“Ta ló lẹ èyí?”

“Èmi ni,” ni agbẹ̀bí wí. “Ó ń tàn ṣáá.”

“Ó ń bá yín sọ̀rọ̀ ni.”

“Bàbá, àwọn tí mò ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ ti ń pariwo tó. N kò fẹ́ kí ọkọ̀ náà dá sí i.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ká pílásítà náà, mo jù ú nù.

“Ọjọ́rú ni mo fẹ́ ọkọ̀ mi,” ni obìnrin náà tún sọ. “Mo ní aláboyún kan ní ẹ̀yìn ibi tí ọ̀nà ọ̀dà parí sí. Nígbà tó bí àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọmọ yẹn kò yè. Òun gan-an yè ni, a kàn ń dúpẹ́. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ lè gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá dákú sí wa lójú ọ̀nà, ó ti lọ nìyẹn.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá,” ni àbúrò mi wí. “Ká sọ pé ó ti tán.”

N kì í ṣèlérí lórí ẹ́ńjìnnì tí n kò tíì rí.

Nísinsìnyí mo ti rí i. Mo fi aṣọ di imú, mo fi ọ̀pá wa ìtẹ́ náà jáde. Mo fi pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ gbogbo ibi tí eku ti tọ̀ sí. Mo bì lẹ́ẹ̀kan. Mo nu ẹnu, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò mi jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń jẹ búrẹ́dì.

“Ẹ̀gbọ́n, ikùn yín ti rọ̀ jù.”

“Gbé búrẹ́dì rẹ kúrò níbí.”

“Eku tó ti kú. Kí ló fẹ́ fi mí ṣe?”

Mo fi ọ̀kan nínú àwọn eku náà hàn án ní ìtòsí. Ó ṣáà ń jẹun.

Àáké ni wọ́n fi gé wáyà ẹ́ńjìnnì yẹn ní àgbàlá wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé orí wáyà náà fọ́ pẹlẹbẹ. Ẹni tó ní làákàyè á tú orí rẹ̀ yọ. Yóò gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n ní àáké. Nígbà tí àbúrò mi gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀ tán, mo ka wáyà: mẹ́tàdínlógójì ló wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti gé e. Àwọ̀ wọn kò bá ti ọkọ̀ mu. Wáyà tó pupa lára ẹ́ńjìnnì, aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń pàdé lára ọkọ̀. Mo ya aṣọ àlòkù sí tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mo so ó mọ́ ọrùn wáyà kọ̀ọ̀kan, mo fi bírò kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí i. Mítà ni mo fi ń wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko.

Sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti etí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń wo bí kíráńkì, irin ńlá tó wà nísàlẹ̀, ṣe ń yí. Ọ̀kan ń wo ìgbóná omi. Ọ̀kan ń wo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Gbogbo wọn ń ròyìn fún ọpọlọ, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ àga awakọ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ fún kọ́ìlì pé kó ta iná sí púlọ́ọ̀gì. Bí sẹ́ńsọ̀ kíráńkì kò bá ròyìn, ọpọlọ kò ní pàṣẹ, iná kò ní ta, ọkọ̀ kò ní jí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Wáyà sẹ́ńsọ̀ kíráńkì máa ń wọ ẹ̀wù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ariwo iná kọ́ìlì má bàa dà á láàmú. Ọ̀tọ̀ ló yẹ kó gbà kọjá. Mo gbé e gba ọ̀tọ̀. Mo lọ tọ̀. Nígbà tí mo padà dé, àbúrò mi ti kó gbogbo wáyà pọ̀ bí ìdì igi, ó ti fi ọ̀rá dúdú dì wọ́n.

“Kí ló dé?”

“Kó lè rí nigínnigín. Wúruwùru ni ẹ ṣe é sí.”

Mo tú u. N kò ní agbára àlàyé mọ́ lójú ọdún kejìlélógójì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo kù díẹ̀ kí n parí. Wáyà kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, wáyà síwíìṣì ọ́ìlì. Ike orí rẹ̀ ti fọ́. Mo so aṣọ mọ́ ọn, mo jẹ́ kó máa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ wá orí tuntun fún un lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ọkọ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, ẹ́ńjìnnì náà ń dán bíi digí. Àbúrò mi ti fi ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà kùn ún láti òkè délẹ̀. Mo súnmọ́ ọn. Ìdọ̀tí ló kùn ún lé. Ọ́ìlì tó ti le bí èèpo igi wà lábẹ́ ọ̀dà. Mo rí irun eku kan tó nà gbọọrọ, òun náà ti di fàdákà.

“Ó mà dùn ún wò o,” ni àbúrò mi wí.

“Irun eku lo kùn lọ́dà.”

“Níbo?”

Mo fi hàn án. Ó fi èékánná ha á kúrò, ó fi ọ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tọ́ ojú ibẹ̀ ṣe.

“Ó ti tán,” ló wí.

A yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí, kò jí. Kò sí iná lẹ́nu púlọ́ọ̀gì kankan. Àbúrò mi ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Wáyà ni o. Tèmi ti parí.”

Mo wo kọ́ìlì, ó ní iná. Mo wo sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, ó wà láàyè. Mo wo wáyà áàtì kékeré, èyí tó so kọ́ìlì mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì, tí iná rẹ̀ fi ń rí ọ̀nà padà sílé. Àbúrò mi ti tú u nígbà tó ń kun ẹ́ńjìnnì, ó sì ti dè é padà lé orí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Mo mú ọ̀bẹ, mo ha ọ̀dà náà títí mo fi kan irin. Mo dè é padà. N kò wo ojú rẹ̀.

Mo wọ inú ọkọ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì. Iná méjì tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, méjèèjì pupa: iná bátìrì àti iná ọ́ìlì. Mo yí i tán. Ẹ́ńjìnnì jí. Iná méjèèjì kú pọ̀ bí ẹni fẹ́ àbẹ́là méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Inú tèmi náà dùn díẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti nu ọwọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rí wáyà síwíìṣì ọ́ìlì. Ó ṣì ń rọ̀ síbi tí mo fi í sí, aṣọ rẹ̀ lọ́rùn. N kò tíì so ó mọ́ nǹkan kan.

Ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ yìí lè má tètè rí i, nítorí náà màá sọ ọ́. Síwíìṣì ọ́ìlì ló ń tan iná ọ́ìlì, òun náà ló ń pa á. Kí ẹ́ńjìnnì tó jí, ọ́ìlì kò ní agbára, síwíìṣì á tan iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, ọ́ìlì á ti síwíìṣì, iná á kú. Bí a bá já wáyà rẹ̀, iná yẹn kò gbọdọ̀ tàn rárá. Wáyà náà wà ní jíjá níwájú mi. Iná náà tàn. Ó sì tún mọ ìgbà tó yẹ kó kú.

Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo fi ẹ̀yìn wọ́ abẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí, kì í ṣe ibi tó yẹ kí n wà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti gé wáyà iná ọ́ìlì, wọ́n ti lọ́ ọ mọ́ wáyà iná bátìrì. Bí bátìrì bá ti ń gba iná, iná ọ́ìlì á kú pẹ̀lú rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ọ́ìlì kò ku ẹ̀kán kan nínú ẹ́ńjìnnì. Mo mọ ọgbọ́n yẹn. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òkú lu èèyàn ní jìbìtì ló ń lò ó. N kò rí i rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi lọ́ ọ. Wọn kò yọ́ òjé lẹ̀ ẹ́ kó lè dì. Pílásítà ojú egbò ni wọ́n fi wé e.

Ara mi bù máṣọ ju bó ṣe rí nígbà tí mo ń kó eku. Eku kò mọ ohun tó ń ṣe.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Èwo?”

“Má bi mí ní èwo.”

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo.”

“N kò pariwo.”

Lóòótọ́ n kò pariwo. Ó mọ̀ pé ó burú ju ariwo lọ.

“Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì yẹn fún mi ní àgbàlá kí wọ́n tó gé wáyà rẹ̀,” ló wí. “Nígbà tó tutù, kò ní wàhálà. Nígbà tó gbóná, iná ọ́ìlì ń ṣẹ́jú.”

“O sì rà á.”

“Òun nìkan ló kù tó bá ọkọ̀ yẹn mu. Ẹ gbọ́ tí obìnrin yẹn ní Ọjọ́rú. Kì í ṣe pé ó tàn kalẹ̀, ó kàn ń ṣẹ́jú ni.”

“O lọ sọ iná di òpùrọ́.”

“Agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló ní kí n pa á!”

“Irọ́.”

“Ẹ bi í bó bá dé. Ó yà síbí lálẹ́ àná lẹ́yìn tí ẹ lọ sílé, àpò rẹ̀ ló ti yọ pílásítà yẹn fún mi.”

Mo wò ó. Fàdákà wà ní irùngbọ̀n rẹ̀, búrẹ́dì wà lórí fàdákà. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ sílé. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló ṣe mí tí n kò jẹun. Mo ní eku ni.

Ní Ọjọ́rú, agbẹ̀bí dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ó yí ọkọ̀ náà po, ó wo fàdákà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ó rẹwà o.”

“Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n pa iná ọ́ìlì?”

Ó wo àbúrò mi. Àbúrò mi ń wá nǹkan nínú ife.

“Èmi ni,” ló wí. “Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Obìnrin tó ń rọbí, bó bá rí iná pupa níwájú, ara rẹ̀ á le gbagidi. Ọ̀kan ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lójú títì. Ẹ wá bá mi rọ̀ ọ́ ná. Àti pé òun yìí ló sọ fún mi pé iná ẹ́ńjìnnì yìí kàn máa ń ya wèrè ni, pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ló sọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ló sọ.”

Ẹni kan fẹ́ kí wọ́n purọ́ fún òun, ẹni kejì sì bù kún un. N kò mọ èyí tó rí mi lára jù.

Mo yọ síwíìṣì ọ́ìlì, mo de géèjì tó ń wọn agbára ọ́ìlì sí ojú ihò rẹ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ géèjì gòkè. Àbúrò mi mí kanlẹ̀. Mo ní kí wọ́n dúró. A dúró títí omi fi gbóná, títí ọ́ìlì fi gbóná. Ọwọ́ géèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjá ìdajì. Ó dé ìsàlẹ̀, ó ń gbọ̀n níbẹ̀. Láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀, ko-ko-ko, bí ẹni ń fi ìka kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ gbọ́ ọ?” ni mo bi í.

“Mo gbọ́.”

“Irin ló ń jẹ irin. Ọ́ìlì kò dé ibẹ̀.”

“Ó máa ṣiṣẹ́ tó ìgbà wo?”

“Ó lè tó oṣù kan. Ó lè má dé ìkóríta yẹn.”

Ó yíjú sí àbúrò mi. “Ìwọ! Ṣé o ní ìyá?”

“Ìyá kan náà ló bí wa,” ni mo wí. “Ó ṣe ipa tirẹ̀.”

Fóònù rẹ̀ dún. Ó gbọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó pa á. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ju àpò rẹ̀ sínú ọkọ̀.

“Omi rẹ̀ ti ya. Ẹni tí mo sọ fún yín ni. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́.”

“Rárá.”

“Bàbá, ìdajì wákàtí péré ni.”

“Òkè wà lọ́nà yẹn.”

“Ọkọ̀ mi ni!”

“Tiyín ni.”

Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ti ń yí i. Ó wọlé, ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo mú sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá. Bóòtù kan ṣoṣo ló mú sẹ́ńsọ̀ kíráńkì dání, mo sì mọ ojú ibẹ̀ láìwò. Mo tú u, mo fà á yọ. Ẹ́ńjìnnì kú lójijì. Mo já orí wáyà rẹ̀, mo fi sẹ́ńsọ̀ náà sínú àpò ṣòkòtò mi. Ó gbóná, ó jó mi ní itan.

Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ́ńjìnnì ń yí, kò jí.

“Kí lẹ ṣe sí i?”

Mo fi ọwọ́ bo àpò mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a padà!” ni àbúrò mi kígbe. “Ó lè dé ibẹ̀!”

“Ó lè dé ibẹ̀. Ó lè má padà.”

Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síwájú mi. Ohun tó sọ sí mi, n kò ní kọ ọ́ síbí. Ó bú orí mi, ó bú irùngbọ̀n mi, ó bú àwọn tó bí mi lọ́mọ. Ó ní bí obìnrin yẹn bá kú, ọrùn mi ló wà.

“Ẹ wọ ọkọ̀ mi,” ni mo wí.

Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni ọkọ̀ mi, ó ní òrùlé. Òkú bátìrì àti wáyà ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àga iwájú ti dúdú fún ọ́ìlì. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó yínmú. N kò dá a lẹ́bi. Ó yọ aṣọ funfun kan nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó jókòó sí eteetí rẹ̀. Ó di àpò rẹ̀ mọ́yà títí ọ̀nà ọ̀dà fi parí.

Ilé kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò wọ bàtà. Agbẹ̀bí sáré wọlé. Mo jókòó sínú oòrùn. Mo gbọ́ igbe obìnrin. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ ti ọmọ. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó ń fi iwájú orí gbá ògiri. Mo rò pé ó ti parí. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mi.

Agbẹ̀bí yọjú. Apá rẹ̀ pupa dé ìgúnpá.

“Kò dá,” ló wí. “Ẹ palẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́.”

Mo da òkú bátìrì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo da wáyà lé e. A gbé obìnrin náà pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ. Agbẹ̀bí kúnlẹ̀ lẹ́yìn, ó fi gbogbo ara tẹ ikùn rẹ̀. Mo wa ọkọ̀.

N kò sáré jù. Ọ̀nà náà kò dára. Ní orí òkè, mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì mi bí n kò ṣe gbọ́ ọ rí. Mo ń wo iná ọ́ìlì tèmi. Kò tàn. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, nítorí èmi ni mo so ó. Agbẹ̀bí ń pe obìnrin náà láti ẹ̀yìn, ó ń sọ fún un pé kó má sùn, ó ń bú u, ó ń kẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀kan ó kígbe pé, “Bàbá, ṣé ó ń lọ?” Mo ní, “Ó ń lọ.” Kò tún bi mí mọ́.

Wọ́n gbà á ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọkọ, agbẹ̀bí, ọmọ, èmi. Lẹ́yìn wákàtí kan, dókítà jáde, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti dá. Agbẹ̀bí dìde. Ó lọ sẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ pẹ́ púpọ̀. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì retí rẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ó pè mí.

“Bàbá. Ọkọ̀ yín ń rùn.”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, oòrùn kò tíì wọ̀. Àbúrò mi ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà látàárọ̀. Ó ti tú abọ́ ọ́ìlì kalẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó ki bí ẹrẹ̀, irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Ó ti yọ bẹ́árìn kan, irin pẹlẹbẹ tí kíráńkì ń yí lé, ó tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn. Ó ti fẹ́lẹ́ bí ewé, ó ti ká, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti jóná dúdú. Òórùn rẹ̀ burú ju ti eku lọ.

Ó dìde. Ó fẹ́ sọ nípa bẹ́árìn náà. Ó rí ẹ̀wù mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ ta nìyẹn?”

“Ti aláboyún yẹn.”

Ó jókòó sórí táyà.

“Ó yè,” ni mo wí. “Ọmọ náà yè.”

Ó bojú wo bẹ́árìn. “Èyí kì bá lè gun òkè yẹn.”

Mo yọ sẹ́ńsọ̀ kíráńkì nínú àpò mi, mo gbé e sórí tábìlì, mo lọ wá ọṣẹ. A óò wá ẹ́ńjìnnì mìíràn. Màá gé wáyà mẹ́tàdínlógójì tí mo so, màá tún wọn so.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ àbúrò mi ló yọ jáde lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Orí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù. Tọ́ọ̀ṣì ń tàn níbẹ̀. N kò rán an níṣẹ́. Mo gbọ́ tí ó gé nǹkan. Ó pẹ́ kó tó jáde. Pílásítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a mọ́ra.

“Mo ti yà wọ́n sọ́tọ̀,” ló wí. “Iná ọ́ìlì ti padà sórí wáyà tirẹ̀.”

Mo wọ abẹ́ ibẹ̀ lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ọwọ́ lásán ló tún fi lọ́ ọ, ó sì fi téèpù wé e játijàti.

“Tú u,” ni mo wí.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ti...”

“Tú u. Fi òjé lẹ̀ ẹ́.”

Ó lọ ki irin ìlẹ̀wáyà bọ iná kó lè gbóná. Mo lọ fọ ọwọ́.